Àwọn Ọ̀dọ́ Ló Kọ́kọ́ Ń Rí I

Tí ọjọ́ 27 Oṣù Karùn-ún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹni tó bá gba Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta kọjá kò nílò kàlẹ́ńdà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé á ti wà ní pápá ìṣeré M.K.O. Abíọ́lá, wọ́n á máa kọ́ bí wọ́n ṣe máa yan, tíṣà á máa ké "lẹ́fùtì, ráìtì" títí ohùn rẹ̀ á fi há. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, wọ́n á yan kọjá níwájú àwọn èèyàn ńláńlá tó jókòó sábẹ́ kánópì, ọmọ kan tí ẹnu rẹ̀ já gaara á ka ọ̀rọ̀ tí àgbà kan ti bá a kọ sílẹ̀, a ó pàtẹ́wọ́, wọ́n á pín bísíkíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó di àmọ́dún. Láti 1964 la ti ń ṣe ọjọ́ àwọn ọmọdé báyìí ní Nàìjíríà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí bísíkíìtì o, èmi náà jẹ nínú rẹ̀ nígbà èwe mi. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé lójú ọ̀pọ̀ wa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì parí sí.

Àwọn ọ̀dọ́ ńkọ́? Mò ń sọ nípa àwọn ọmọ ọdún 16, 19, 22, àwọn tí wọn kì í ṣe ọmọdé tó ń yan, tí wọn kì í sì í ṣe àgbà tó wà lábẹ́ kánópì. Àwọn la máa ń rán pé kí wọ́n to àga, kí wọ́n gbé omi wá, kí wọ́n ya fọ́tò. Tí ètò bá parí, àwọn náà ni yóò gbálẹ̀. Tí ẹnìkan bá sì rántí wọn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò ní àwọn ni olórí ọ̀la. Ọ̀la yìí mà ti pẹ́ o, kò dé síbẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ní Abẹ́òkúta yìí, bí ohun burúkú bá ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọdé, kì í ṣe ọlọ́pàá Ẹlẹ́wẹ̀ràn ló kọ́kọ́ ń mọ̀, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mósàn. Àwọn ọ̀dọ́ ni. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ títì; ọmọbìnrin tó ń ṣe POS lábẹ́ agbòjò; ọmọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ Márúwá ná Lafẹ́nwá sí Ìta-Ọṣìn. Ìta ni wọ́n wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n sì mọ ọmọ tó yẹ kó wà ní ilé-ìwé tí kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọdé náà kì í sá fún wọn. Ọmọ tí kò lè gbójú sókè wo bàbá rẹ̀ á jókòó ti ọmọṣẹ́ fọ́kànáísà tó ń bá a fa afẹ́fẹ́ sí bọ́ọ̀lù, á sì máa rojọ́ ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí nílé.

Àwa àgbà ńkọ́? A ní ojú tó ń tì wá. A ní àna, a ní alájọgbélé, a ní ẹgbẹ́ àdúgbò. A mọ ẹni tó ń lu ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ẹni lu bàrà, ṣùgbọ́n ìyàwó alága àwọn lándílọ́ọ̀dù ni, òun ló sì ràn wá lọ́wọ́ nígbà ìkómọ wa tó kọjá. A ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú ọmọ náà, a ó sì kọjá lọ. Àwọn baba wa ní ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń tọ́ ọ. Nínú igba ojú yẹn, mélòó ló ṣì là?

Aṣọ àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ látibẹ̀. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, ewé ẹ̀lú ni wọ́n fi ń ṣe aró, ó sì ń gba sùúrù. Lónìí, àtíkè aró tí wọ́n ń wọ̀n tà la ń rà, kẹ́míkà tí à ń pè ní kọ́sítíìkì àti háídírò la sì ń pò mọ́ ọn kó lè mú aṣọ kíá. Ẹni tó bá mọ kọ́sítíìkì mọ̀ pé kì í ṣe ohun eré. Tó bá ta sí ara, á bó o. Tí èéfín rẹ̀ bá kan ojú, ojú á máa ta bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i. Àgbà tó mọ ohun tó ń ṣe á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, á sì dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kúrò lójú òun. Ọmọdé tí wọ́n bá pè pé kó wá bá wọn yí aṣọ nínú aró lẹ́yìn ilé-ìwé kì í ní ìbọ̀wọ́. Tó bá tilẹ̀ ní in, ti àgbà ni, á tóbi jù ú lọ, omi aró á sì kún inú rẹ̀.

Ní agboolé kan lẹ́yìn ọjà, àwọn ọmọṣẹ́ ibẹ̀ ṣàkíyèsí ọmọkùnrin kékeré kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá wọn. Tó bá ń kíni, á ká ìka rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀kan nínú wọn bá na ọwọ́ náà wò. Àárín ìka ti bó, èékánná ti dúdú bọ̀rọ̀gìdì, ọmọ náà ò sì lè di bírò mú dáadáa, tíṣà rẹ̀ ti ń nà án pé ìwé rẹ̀ kò ṣeé kà. Ẹ wo bí ìyà kan ṣe ń bí òmíràn. Tíṣà ò mọ̀, ìyá ọmọ ò sí nítòsí, ọ̀gá sì rò pé ọmọ ń kọ́ṣẹ́ ni. Àwọn ọmọṣẹ́ nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń wò, torí èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ọmọ ọdún 18, ní àpá kan náà láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá.

Kò gbé òfin lọ bá ọ̀gá. Ó kúnlẹ̀ ni. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó máa bá wa ká èyí tó ti gbẹ. Àwa la ó máa ṣe ti inú aró." Ọ̀gá fárígá. Ó bi í bóyá òun ló fẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Ọjọ́ yẹn le díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo àwọn ọmọṣẹ́ panu pọ̀, wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan kọ́sítíìkì tí ọmọdé kankan bá wà nítòsí ọpọ́n. Wọn ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn dúró. Oníbàárà ń bọ̀ wá gbé aṣọ ẹbí lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá sì mọ ìṣirò ara rẹ̀. Ó gbà. Àwọn agboolé mìíràn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, láìsí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ọmọ náà ṣì ń ká aṣọ lẹ́yìn ilé-ìwé o. Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ náà ni kíká aṣọ. Iṣẹ́ ni, ta ló jiyàn? Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ran ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ọmọ tí iṣẹ́ ń bó lára. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé fúnra rẹ̀ fàyè gba iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ẹbí, bíi iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ oko. Ohun tó jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé kò sí ìpàdé ọ̀rọ̀ ọmọdé tí mo tíì lọ nílùú yìí tí wọ́n ti dárúkọ kọ́sítíìkì. Ọmọ tó ń kiri ọjà ni wọ́n máa ń sọ, torí òun ni ọkọ̀ wọn ń rí lójú títì. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé, ẹni tó wà lẹ́yìn ilé ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká yà sí ibi òfin díẹ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 Oṣù Kọkànlá 1989 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé wọlé. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1991. Abala kejìlá rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: pé ọmọ tó bá ti lè ní èrò tirẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ lórí gbogbo ohun tó bá kàn án, kí àgbà sì kà á sí bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ṣe tó. Ní 2003, nígbà tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tó ka ìwé ní Baptist Boys' High School níbí, ń ṣe ààrẹ, Àdéhùn náà di òfin ìjọba àpapọ̀, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí mo dárúkọ lókè. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Ògùn ṣe tirẹ̀ ní 2006. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni òfin ìjọba àpapọ̀ yìí pè ní ọmọdé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi í fọ́kọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lò ó láti kiri ọjà tàbí ṣagbe ní títì, ilé-ìwé sì jẹ́ dandan fún un.

Wàyí o, ètò ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2019, ní ẹni ọdún 15 sí 29 ni ọ̀dọ́. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ ọdún 16 tó wà ní SS2 ní Ìbarà jẹ́ ọmọdé tó yẹ ká dáàbò bò, ó tún jẹ́ ọ̀dọ́ tí à ń pè pé kó wá dáàbò bo àwọn tó kéré sí i. Àwọn kan rí èyí bí àléébù. Èmi rí i bí ibi tí iṣẹ́ gan-an wà. Ọmọ ọdún 16 kò tíì gbàgbé bí inú ilé ṣe máa ń rí lójú ọmọ ọdún 9, ó sì ti dàgbà tó láti mọ ẹni tó yẹ kó sọ fún. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọdé ni òun náà, a kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹrù náà rù ú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ètò tí mo ti rí ti máa ń ṣìnà: tàbí kí wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, tàbí kí wọ́n tì wọ́n síwájú ogun.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ títún fóònù ṣe ní Pánsẹ́kẹ́. Ó rí i pé ọmọbìnrin kékeré kan máa ń gbé fóònù ọ̀gá rẹ̀ wá gba iná, aago mẹ́wàá àárọ̀, lọ́jọ́ tí ilé-ìwé wà. Ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ àìsàn. Nígbà tó di pé ojoojúmọ́ ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣeré, ó ń bi í ní ìbéèrè wẹ́wẹ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Láti ìlú mìíràn ni wọ́n ti mú un wá, wọ́n sì ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé ilé-ìwé ni wọ́n ń mú un lọ. Ọmọkùnrin yìí fi owó ara rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì kan. Wọ́n bi í pé kí ló pa òun àti ọmọbìnrin náà pọ̀. Wọ́n ní kó lọ mú àgbàlagbà wá. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ojú tì í.

Ọ̀gá rẹ̀ ló gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá sọ fún ìyá elépo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìyá elépo sì mọ ọ̀gá ọmọ náà, màdáámù kan, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn méjèèjì lọ bá a nílé ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọkùnrin náà kò bá wọn lọ, wọn kò sì dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń rí ọmọ náà ní títì, pé ẹ̀rù ń ba àwọn, pé ìjọba ti le báyìí. Màdáámù bínú, ó rojọ́, ó jiyàn pé ọmọ náà ò mọ̀wé. Nígbà tó yá, ó fi í sí ilé-ìwé ìjọba. Fóònù náà ṣì ń wá gba iná, ìrọ̀lẹ́ ló ń wá báyìí. Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan ti dára: ọmọ náà kò tíì rí ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò nílé yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ́ rí i, ọ̀dọ́ wádìí, àgbà gbé e, àgbà sì gba èébú ibẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ èyí ni ìtàn ìlú wa. Gbogbo Ẹ̀gbá ló mọ ìjà àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, bí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn ọlọ́jà ṣe yọ lọ sí ààfin Aké nítorí owó orí ní 1947, tó fi di pé Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Èyí tí a kì í sábà sọ ni ti àwọn ọmọbìnrin. Láti ọdún 15 ni ọmọbìnrin ti ń san owó orí, nígbà tí ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì san nǹkan kan. Àwọn akówóorí a sì máa tú ọmọ ọlọ́mọ síhòòhò, wọ́n á wo àyà rẹ̀ bóyá ó ti tó ẹni tí ń sanwó. Lónìí, a ní orúkọ tí à ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé ẹjọ́. Nígbà yẹn, iṣẹ́ ìjọba ni. Àwọn ìyá tó jáde kò ti àwọn ọmọbìnrin yẹn síwájú kí wọ́n wá máa ṣàlàyé ìtìjú wọn fún ayé. Àwọn fúnra wọn ló fi ẹsẹ̀ wọn àti orúkọ wọn lélẹ̀. Ransome-Kútì tó ṣáájú wọn ti mọ bí ó ṣe ń rí láti jẹ́ ọmọbìnrin láàrin àwọn ọkùnrin: òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abeokuta Grammar School, ní 1914.

Níbòmíràn, ọmọdé fúnra rẹ̀ ló forí fá irú ìjà bẹ́ẹ̀. Iqbal Masih ti Pakistan jẹ́ ọmọ ọdún 4 nígbà tí wọ́n fi í dúró fún gbèsè nílé ìhunṣọ kápẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀fà gan-an bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílẹ̀ yìí. Ó sá jáde ní ọmọ ọdún 10, ó sì ń káàkiri sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè tú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní Oṣù Kẹrin 1995, wọ́n yìnbọn pa á. Ọmọ ọdún 12 ni. Ní Soweto, ọjọ́ 16 Oṣù Kẹfà 1976, àwọn ọmọ ilé-ìwé jáde nítorí èdè Afrikaans tí wọ́n fẹ́ fi tipátipá kọ́ wọn, ọlọ́pàá sì yìnbọn sí wọn. Hector Pieterson tó kú níbẹ̀, ọmọ ọdún 12 ni òun náà. Ọjọ́ yẹn la fi ń ṣe Ọjọ́ Ọmọ Áfíríkà láti 1991. Mo bọlá fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí olùbánisọ̀rọ̀ kan ń fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe fún àwọn ọmọ wa, ó máa ń ṣe mí bíi kí n béèrè ibi tí àwọn àgbà wà lọ́jọ́ náà.

Ewu tiwa níbí kì í ṣe ìbọn. Fóònù ni. Ọ̀dọ́ tí inú bá bí á ya fídíò ọmọ tí wọ́n lù, á gbé e sí Facebook, á kọ sí i pé kí gbogbo ayé bá òun pín in. Ojú ọmọ hàn, aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ hàn, géètì ilé wọn hàn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, fídíò ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Ẹni tó lù ú lè sá lọ sí Ṣàgámù. Ọmọ náà kò ríbi sá sí. Òfin 2003 fún ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀, àánú tó wà lọ́kàn wa kò sì fagi lé ẹ̀tọ́ yẹn. Mo ti bá àwọn ọmọ àdúgbò wa sọ ọ́ títí. Wọ́n dá mi lóhùn pé táwọn ò bá gbé e síta, ta ló máa dá àwọn lóhùn? N kò rí èsì gidi fún wọn. Wọ́n ti lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ní kí wọ́n lọ mú àgbàlagbà wá. Ìgbà tí a bá tilẹ̀kùn mọ́ ọ̀dọ́ ló ń gba ojú wíńdò fóònù jáde.

Àwọn àgbà ní tiwọn náà. "Ọmọ tó bá mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò ní gbọ́ràn mọ́." Ìyá kan sọ ọ́ sí mi létí ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì ń mú kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. N kò bá a jiyàn púpọ̀. Mo kàn sọ fún un pé Àdéhùn tí àwọn ará Áfíríkà ṣe fúnra wọn lórí ẹ̀tọ́ àti àlàáfíà ọmọdé, èyí tí wọ́n gbà wọlé ní 1990, ní abala kan tí kò sí nínú ti àgbáyé: pé ọmọ náà ní ojúṣe, kó bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà, kó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà ìṣòro. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé lóòótọ́, ó ní kí n kà á sí òun létí lẹ́ẹ̀kejì. Mo kà á. Kò sọ pé òun gbà o, ṣùgbọ́n ó jókòó pẹ́.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa nílò kò pọ̀. Wọn kò nílò fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì tí a kọ nǹkan sí láyà. Wọ́n nílò àgbà kan ní àdúgbò tí ó máa gbé ìpè wọn tí kò ní kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló rán wọn. Wọ́n nílò owó kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkè-Mósàn àti àbọ̀. Wọ́n nílò kí ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́ padà wá sọ fún wọn ibi tó já sí, torí ọ̀dọ́ tó bá mú ẹjọ́ wá lẹ́ẹ̀mejì tí kò gbọ́ nǹkan kan kò ní mú ìkẹta wá. Wọ́n sì nílò àyè níbi tí wọ́n ti ń pinnu, kì í ṣe níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò nìkan.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣáájú ọjà wa. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn ọmọṣẹ́ méjì wá jókòó ní ìpàdé tí a ó ti sọ̀rọ̀ lórí kọ́sítíìkì, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní agboolé wọn, kí ọjà lè sọ ọ́ di òfin fún gbogbo wa. Àǹtí kan bi mí pé kí lọmọdé ń wá níbi tí àgbà ti ń jíròrò ọ̀rọ̀ ọjà. Mo ní kí wọ́n dá wọn lóhùn lórí èyí nìkan ná, kí wọ́n tó jíròrò èyí tó kù. Wọ́n ní àwọn á rò ó. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọṣẹ́ náà, ọmọ ọdún 15, ti kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú ìwé àjákọ kan, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun tún un kọ, ó sì ń wá bi mí ní ṣọ́ọ̀bù pé ìgbà wo ni ìpàdé náà gan-an.